Báàgì Kánfáàsì fún Ẹrù Kámẹ́rà: Ohun Tó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Sanwó

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú jáde fún ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí báàgì tí ayàwòrán fi ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ káàkiri. A gé wọn kúrú díẹ̀, a kò sì dárúkọ àwọn tó kọ wọ́n. Ẹni tó dáhùn wọn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò, báàgì kánfáàsì ni òun náà sì ń gbé kọ́ èjìká títí dòní.

Ìbéèrè kìíní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, ìlú Ìbàdàn ni mo ti ń ya àwòrán ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Kámẹ́rà Canon EOS 6D tòkunbọ̀ ni mo ní, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24-105 mm f/4L, 85 mm f/1.8 àti 50 mm f/1.8 kékeré, àti fíláàṣì kan. Inú báàgì tí mo gbé lọ sí ilé-ìwé girama ni mò ń kó wọn sí, táwẹ́ẹ̀lì ni mo sì fi ń wé wọn kí wọ́n má baà máa gbún ara wọn. Báàgì kánfáàsì ló wù mí, nítorí pé irú rẹ̀ ni ọ̀gá mi ń lò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì tíì ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè iye tí wọ́n ń ta àwọn tó lórúkọ láti òkè òkun, àyà mi já. Owó tí mo lè yọ sílẹ̀ kò ju 45,000 náírà lọ. Kí ni kí n máa wò lára báàgì kí n tó sanwó? Ṣé kí n ra tòkunbọ̀ ni, àbí kí n ní kí wọ́n rán an fún mi?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú oríire òmìnira. Kí o tó jáde lọ wá báàgì kankan, kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ sórí ibùsùn, kí o sì wọ̀n wọ́n, nítorí ẹrù ni a fi ń mọ bí àpò ṣe yẹ kó tóbi tó. Kámẹ́rà 6D pẹ̀lú bátìrì àti káàdì inú rẹ̀ jẹ́ 770 gíráàmù, lẹ́ǹsì 24-105 jẹ́ 670, ti 85 jẹ́ 425, ti 50, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ STM sí lára, jẹ́ 160. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò 2. Bí a bá fi fíláàṣì, bátìrì rẹ̀, ṣájà àti omi mímu kún un, yóò máa lọ sí kílò 3 àbọ̀ kí a tó ka báàgì fúnra rẹ̀. Ẹrù yìí kò tó nǹkan bí a bá gbé e fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ tí ìdána ti bẹ̀rẹ̀ títí di alẹ́ tí wọ́n ṣì ń náwó fún ìyàwó lójú agbo, èjìká ẹni yóò ti sọ ohun tí ó ń rí.

Bí o bá dojú lẹ́ǹsì 24-105 dé nígbà tó wà lẹ́nu kámẹ́rà, gíga rẹ̀ yóò tó sẹ̀ǹtímítà 18, ìbú rẹ̀ yóò sì tó 14 àbọ̀. Fi àyè fóòmù kún un, fi àyè lẹ́ǹsì méjì yòókù àti fíláàṣì kún un, ìwọ yóò rí i pé báàgì tí inú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 32, tí ó ga tó 22, tí ó sì jìn tó 15 ti tó ọ. Má ṣe ra èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé o gbàgbọ́ pé iṣẹ́ yóò gbòòrò. Mo gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ tọkàntọkàn, àmọ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá gbòòrò ni kí o wá báàgì kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ṣáájú àwọ̀, ṣáájú iye àpò tó wà lára rẹ̀, ṣáájú orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ni ibi tí okùn ti so mọ́ ara báàgì. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra báàgì kan tó dára lójú púpọ̀, aṣọ rẹ̀ nípọn, ìrán rẹ̀ sì gún régé. Òrùka irin ni wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lóde ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń jó wọlé, mo gbọ́ ìró kan tí kò ju bí ìgbà tí èèyàn ta ìka lọ, báàgì náà sì já lulẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, òwú kò já, aṣọ kò sì ya. Òrùka yẹn ni wọn kò jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n tẹ̀ yípo, tí wọ́n wá jẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì fara kanra, ẹrù sì ti ń fà á ya díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé mo fura, títí tí okùn fi yọ́ gba àárín rẹ̀ jáde. Dígí lẹ́ǹsì 50 mm mi là, ibi tí a fi ń dè é mọ́ kámẹ́rà sì wọ́.

Láti ọjọ́ náà, èékánná àtàǹpàkò ni mo fi ń yẹ òrùka wò. Mo máa ń fi èékánná yí gbogbo ara rẹ̀ po, bí ó bá sì ti kọ́ mi léèékánná níbì kan, mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí, n kò sì ní ra báàgì náà àyàfi bí ó bá dá mi lójú pé aránbáàgì lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ajórinmọ́rin ti jó lẹ́nu pọ̀. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń wo ìrán tó di okùn mú. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ gbà, kò tó. Ó yẹ kó jẹ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ìlà méjì dábùú inú rẹ̀ láti igun dé igun. Èyí tó dára jù lọ ni báàgì tí okùn rẹ̀ kò parí sí ẹ̀gbẹ́, tí ó gba abẹ́ ìdí báàgì kọjá bọ́ sí òdìkejì, bí ọ̀já ṣe ń gba abẹ́ ìdí ọmọ kọjá lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Orí okùn ni ẹrù jókòó sí nínú irú báàgì bẹ́ẹ̀, kò sí lọ́wọ́ òwú ìránṣọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kàn. Kánfáàsì gidi, òwú ni wọ́n fi hun ún, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kánfáàsì lọ́jà jẹ́ pólísítà tí wọ́n ṣe kó jọ ọ́. Pólísítà kò burú, kì í tètè jẹrà, kì í sì í mu omi bí òwú. Kí o ṣá mọ èyí tí o ń sanwó fún. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, fa òwú kan yọ láti etí ìrán inú, kí o sì ṣáná sí i níta. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, yóò rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Pólísítà yóò yọ́, yóò kákò, yóò sì di kókó líle tí ìka kò lè rún. Gbé aṣọ náà sókè sí ojú oòrùn pẹ̀lú: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀ bíi ti asẹ́, wọn kò hun ún pọ̀ dáadáa, omi òjò yóò sì bá ibẹ̀ wọlé.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ tí wọn kò tíì gé ni o fẹ́ rà, ní kí wọ́n gé ègé kan tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti 10 lóròó fún ọ, kí o gbé e lọ sórí ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Bí ègé náà bá jẹ́ gíráàmù 4, aṣọ náà jẹ́ 400 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó, èyí tí àwọn ará òkè òkun ń pè ní ounce 12. Láti 400 sí 550 ni mo fara mọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò rọ̀ jọwọlọ bí báàgì ọjà, èyí tó bá wúwo jù yóò sì di ẹrù lórí ẹrù.

Ní ti tòkunbọ̀ àbí rírán, ìmọ̀ràn mi fún ìwọ tí o ní 45,000 náírà ni pé kí o ra báàgì kánfáàsì lásán tí ó jẹ́ tòkunbọ̀, yálà ti ọdẹ ẹja, ti sójà tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, kí o wá ní kí wọ́n ṣe àpótí fóòmù tí yóò wọ inú rẹ̀ gẹ́ẹ́. Báàgì tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹnì kan ti bá ọ dán an wò: aṣọ tó máa súnkì ti súnkì, àwọ̀ tó máa ṣí ti ṣí, ibi tó bá sì máa já ti fi àpẹẹrẹ hàn. Ọjà òkìríkà kún fún wọn. Bí o bá ní ìrìn lọ sí Èkó, lọ wo Katangua ní agbègbè Abúlé-Ẹ̀gbá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn alátùntà tó ṣà á tán. Kì í ṣe ohun àbùkù fún ayàwòrán láti gbé báàgì ọdẹ ẹja. Ilé-iṣẹ́ Billingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí báàgì rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń bà ọ́ lẹ́rù, báàgì ọdẹ ẹja ló kọ́kọ́ ń rán nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, kó tó di pé àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Èkejì rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ìyẹn Domke, ọwọ́ ayàwòrán ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia ló ti jáde, Jim Domke ni orúkọ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ó ṣe é fún lílò ara rẹ̀, nítorí pé àpótí líle tí wọ́n ń kó kámẹ́rà sí nígbà náà kò rọrùn láti gbé kiri. Aṣọ rírọ̀ àti okùn tó lágbára ló fi yanjú rẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú méjèèjì tí aránbáàgì tiwa kò lè ṣe.

Àpótí fóòmù náà ṣe pàtàkì. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n lo fóòmù ìjókòó, nítorí pé láàárín oṣù mẹ́ta yóò ti tẹ́ bí àkàrà tí a jókòó lé, omi tí ó bá sì mu kì í tètè gbẹ. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe ìsàlẹ̀ sílípáàsì ni kí o béèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní EVA, tí omi kì í wọ̀, tí ó sì máa ń padà sípò bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 1 tó fún ẹ̀gbẹ́, sẹ̀ǹtímítà 1 àbọ̀ ni kí ìsàlẹ̀ jẹ́. Àwọn aránbàtà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Mushin ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ aránbàtà àti aránbáàgì ti ń ra awọ àti irinṣẹ́, o lè rí i, kí o sì rí òrùka tí a jó lẹ́nu, okùn híhun àti síìpù tó dára lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ onírun rírọ̀ ni kí wọ́n fi bo fóòmù náà kó má baà máa ha dígí lẹ́ǹsì.

Bí ó bá wá jẹ́ pé rírán gan-an ni ọkàn rẹ wà, rẹ kánfáàsì náà sínú omi mọ́jú, kí o sì sá a gbẹ kí wọ́n tó gé e, nítorí pé kánfáàsì òwú tí kò tíì fojú kan omi lè súnkì débi pé àpótí fóòmù kò ní wọlé mọ́ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Aránbàtà tó ní ẹ̀rọ tó lágbára ni kí o gbé e fún, kì í ṣe télọ̀ tó ń rán bùbá. Òwú pólísítà tàbí náílọ́ọ̀nù ni kó fi rán an, torí pé òwú lásán máa ń jẹrà lára kánfáàsì tó bá ń tutù tó ń gbẹ. Sọ fún un pé kó má ṣe fi aṣọ amúra tó ń dún ṣàà, èyí tí wọ́n ń pè ní Velcro, de ìdérí rẹ̀. Bí o bá ṣí irú ìdérí bẹ́ẹ̀ nígbà tí àlùfáà ń gbàdúrà lé tọkọtaya lórí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò yíjú wò ọ́, ó sì lè ba ìṣẹ́jú tí wọn kò ní padà rí jẹ́ mọ́ wọn lójú.

Ìbéèrè kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé yìí, mo jẹ́ obìnrin tó ń ya fọ́tò fún àwọn aláró àti àwọn tó ń ta àdìrẹ. Mo ní báàgì kánfáàsì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò pa mí láti Ìtòkú dé ilé ní oṣù tó kọjá, omi sì wọlé dé ibi tí lẹ́ǹsì wà. Ẹnì kan ní kí n fi àbẹ́là pa á lára. Ṣé òótọ́ ni pé àbẹ́là ń ṣiṣẹ́, àbí yóò ba báàgì náà jẹ́?

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, a dúpẹ́ pé omi nìkan ló wọlé. Òótọ́ ni ohun tí ẹni náà sọ, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi gbà wọlé. Kánfáàsì òwú tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa máa ń wú bí omi bá kàn án, wíwú yẹn sì máa ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín òwú, débi pé ó lè dúró de òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ojú ìrán àti ẹnu síìpù ni omi sábà máa ń kọ́kọ́ bá wọlé. Nítorí náà, ẹ yí báàgì yín síta sínú, kí ẹ wo ibi tí àbàwọ́n omi ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dá àárẹ̀ sílẹ̀ lórí gbogbo ara rẹ̀.

Àbẹ́là nìkan máa ń gan, ó sì máa ń fọ́ funfun bí a bá ká aṣọ kò. Ìdá méjì àbẹ́là sí ìdá kan ìda oyin ni èmi ń lò, torí pé ìda oyin ló ń jẹ́ kó rọ̀, kì í sì í tètè yọ́ nínú ooru. Ẹ má ṣe gbé e ka iná tààrà, nítorí pé àbẹ́là tó bá gbóná jù máa ń gbiná. Ẹ kó wọn sínú agolo, kí ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi tó ń hó, títí tí wọn yóò fi yọ́ pọ̀. Ẹ dà á sínú ife kékeré kó dì, kí ẹ wá máa fi ègé rẹ̀ ra ojú kánfáàsì náà bí ìgbà tí a ń fi ọṣẹ ra kọ́là aṣọ, kí ẹ sì tẹnu mọ́ ojú ìrán. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ kò nílò mọ́ lé e lórí, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́. Ẹ yọ àpótí fóòmù kúrò kí ẹ tó ṣe é. Àwọ̀ kánfáàsì náà yóò dúdú díẹ̀ sí i, kì í sì í padà sí ti tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìsàlẹ̀.

Ní èrò tèmi, ìdérí, ìsàlẹ̀ àti ojú ìrán nìkan ni kí ẹ fi ìda sí. Ẹ̀yìn báàgì tó ń fara kan aṣọ yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru wa yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, báàgì tí a fi ìda pa látòkè délẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì lè fi àbàwọ́n sára léèsì funfun tàbí àdìrẹ oníbàárà yín, èyí tí yóò ná yín ju iye báàgì lọ. Ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ọ̀sán. Láti ìgbà tí ẹ bá ti fi ìda sí i, ọṣẹ àti omi gbígbóná di èèwọ̀ fún un, omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló kù.

Òjò tó le bí irú èyí tí ẹ sọ kò ṣeé fi ìda nìkan dá dúró. Ẹ ra náílọ́ọ̀nù ńlá tó nípọn, kí ẹ ká a sínú àpò iwájú báàgì, kí ó máa gbé ibẹ̀ nígbà gbogbo. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo báàgì ni kí ẹ kì bọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta

Olóòtú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Òṣogbo. Ọmọ mi ra kámẹ́rà fún mi, mo sì ń fi í ya igbó àti odò wa. Báàgì kánfáàsì tí mo kó o sí wà lábẹ́ ibùsùn láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, nítorí pé ara mi kò yá. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí nǹkan bí okùn aláǹtakùn nínú dígí lẹ́ǹsì. Ṣé báàgì ni ó fà á?

Ìdáhùn

Bàbá wa, ara á máa le sí i o. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ohun tí ẹ rí yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ohun tó ń bu lára búrẹ́dì. Kì í ṣe báàgì ló bí i, ṣùgbọ́n báàgì fún un ní ilé. Kánfáàsì òwú máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, fóòmù inú rẹ̀ náà ń bá a pa á mọ́, abẹ́ ibùsùn ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì máa ń rí ààyè dàgbà, àsìkò òjò lọ́dọ̀ wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹ tètè gbé lẹ́ǹsì náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa àtúnṣe rẹ̀, ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà bá pẹ́ níbẹ̀, ó ń tú ohun kan jáde tó ń jẹ ojú dígí, tí nínù kò lè mú kúrò mọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn lẹ́ǹsì yòókù títí tí wọn yóò fi nù ún tán. Ẹ yọ fóòmù inú báàgì, bí ó bá ń rùn bí aṣọ tútù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Báàgì fúnra rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn fún odidi ọjọ́ méjì.

Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí báàgì máa jẹ́ ti ìrìnnà nìkan. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kó kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì sínú ike tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, kí ẹ fi silica gel sí i, ìyẹn àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà ni kí ẹ wá, tí ó jẹ́ ọsàn nígbà tó bá gbẹ, tí ó sì ń di ewé nígbà tó bá ti mu omi yó. Bí ó bá ti yó, ẹ tú u sínú páànù gbígbẹ lórí iná tó rọra ń jó, kí ẹ máa rò ó títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi padà, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì dá a padà sínú ike. Wọ́n ń ta aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, bí ẹ bá rí i rà, ìdá 40 sí 50 ni kí ọwọ́ rẹ̀ máa tọ́ka sí. Ẹ má lo ìrẹsì bí àwọn kan ti ń sọ, eruku rẹ̀ yóò wọ inú kámẹ́rà.

Ìbéèrè kẹrin

Ẹ̀gbọ́n, Èkó ni mo wà, dánfó ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù olè ń bà mí, èjìká mi òsì sì ń ro mí láti ìgbà tí mo ti ń lo báàgì alágbèékọ́. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí a ń pọ̀n sẹ́yìn ni?

Ìdáhùn

Bí ẹrù rẹ bá ti kọjá kílò 5, bẹ́ẹ̀ ni, báàgì ẹ̀yìn ló tọ́ fún ìrìn gígùn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èyí tí o ní lè ṣe é. Wo ìbú okùn rẹ̀: èyí tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 4 ń gé èjìká, sẹ̀ǹtímítà 5 ni mo fẹ́. Má ṣe fi kọ́ èjìká kan lásán, gbé e dábùú àyà, kí o dín okùn kù títí tí báàgì yóò fi jókòó sórí egungun ìbàdí, kí o sì máa pààrọ̀ apá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ní ti olè, kánfáàsì ràn ọ́ lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ erùpẹ̀ tàbí aláwọ̀ ewé gbígbẹ, tí kò sì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà kankan lára. Tú orúkọ náà kúrò bí ó bá wà níbẹ̀, kí o sì yọ okùn kámẹ́rà tí wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sí pẹ̀lú. Yan báàgì tó ní síìpù lábẹ́ ìdérí, kí ẹni tó bá ṣí ìdérí ṣì bá nǹkan mìíràn pàdé. Ní ibùdókọ̀, iwájú ni kí o gbé e sí. Bí o bá jókòó sínú dánfó, orí itan ni kí ó wà, kí ìdérí rẹ̀ kọjú sí ikùn rẹ, kí okùn rẹ̀ sì ṣì wà lọ́rùn rẹ títí tí ọkọ̀ yóò fi dúró.